Kí Ẹ Tó Ki Bátìrì Sínú Rélùwéè Ẹ̀yìnkùlé: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jó Ọkọ̀

Ojú irin kékeré tí ọ̀rẹ́ mi kan tẹ́ sínú ọgbà fún ọkọ̀ ìṣeré ni mo ti jó ẹ̀rọ tó ń darí eré ọkọ̀ mi àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan nínú ojú irin náà. Bátìrì ló wà nínú ọkọ̀, rìmóòtù ló wà lọ́wọ́ mi, irin lásán ló wà nílẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ kalẹ̀, mo rọra tì í síwájú, kò tíì rìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ tí èéfín fi ń yọ lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Òórùn ike tó ń jó gba gbogbo ọgbà. Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó fẹ́ sọ rélùwéè ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ di oníbátìrì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń bá a sọ, nítorí òun ni àṣìṣe tí mo rí jù, òun náà ló sì ń náni lówó jù.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé. Níbí, òjò kì í jẹ́ kí irin gbẹ, ewé ń jábọ́ sí i, ìgbín tí kò ní ìkarahun ń fi itọ́ rẹ̀ pa á lára mọ́jú. Ẹni tó bá ń lo iná ojú irin ní láti fọ irin kí ọkọ̀ tó lè rìn láàárọ̀. Ìdí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń sá lọ sọ́dọ̀ bátìrì nìyẹn. (Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ojú irin tó dé ìlú wa ní 1901, mìlímítà 1,067 péré ni ìbú rẹ̀, irú ojú irin tóóró bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ojú irin mìlímítà 45 tó wà lẹ́yìnkùlé wa ń ṣàfarawé. Ó wà lára ohun tó so mí mọ́ ọn.)

Ẹ jẹ́ ká padà sórí èéfín. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà lábẹ́ orúkọ LGB ní Jámánì ní 1968, ojú irin ni wọ́n ṣe wọ́n láti máa fa iná. Irin apá kan ń gbé pósítíìfù, ti apá kejì ń gbé nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ á gbà á, á gbé e fún dáínámò, ìyẹn mọ́tò iná tó ń yí ẹsẹ̀ náà. Bí ẹ bá ki bátìrì sínú rẹ̀ tí ẹ kò já ìsopọ̀ yẹn, ọ̀nà tí iná ń gbà gòkè tẹ́lẹ̀ náà ni yóò máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Iná bátìrì yín á wọnú ojú irin. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ ti ká ojú irin rẹ̀ bí ojú okùn pańpẹ́, kí ọkọ̀ lè lọ yípo kó sì gba ọ̀nà tó bá wá padà. Oníbátìrì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n nínú irú ojú irin bẹ́ẹ̀, irin ọ̀tún àti ti òsì pàdé ara wọn. Ọkọ̀ mi bíríìjì ara rẹ̀.

Mo tún ti rí èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ń wa ọkọ̀ oníbátìrì rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, ni ọkọ̀ àtijọ́ kan tí kò ní bátìrì, tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́, bá bẹ̀rẹ̀ sí í rákò tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Èmi sáré lọ gbé e kúrò, torí mo ti mọ ohun tó fà á. Bí ojú irin bá wá ní iná tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn tún burú jù: iná méjì á kọlu ara wọn nínú ọkọ̀ yín.

Nítorí náà, ẹ tú abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Nínú ọ̀pọ̀ LGB, wáyà àwọ̀ ilẹ̀ àti funfun ló ń ti ibi ẹsẹ̀ bọ̀, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé ló ń lọ sínú dáínámò. Ẹ má gbára lé àwọ̀ nìkan, torí ẹlòmíràn lè ti tú u rí ṣáájú yín. Nínú àwọn tó ti pẹ́, kò sí wáyà rárá, páànù idẹ tínínrín kan ló gba inú lọ tààrà láti ibi ẹsẹ̀ dé ara dáínámò. Ẹ gé e, tàbí kí ẹ yọ àwọn èédú kéékèèké tó ń fara kan ẹsẹ̀ àti bàtà irin tó ń wọ́ lórí ojú irin. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mítà tí a fi ń wọn iná síbi tó ń dún bí iná bá rí ọ̀nà kọjá. Ẹnu kan lára ẹsẹ̀, ẹnu kejì lára wáyà dáínámò. Ẹ máa fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà bí ẹ ṣe ń wò ó, torí ìgbà mìíràn ojú kan ṣoṣo ló ti ń fara kàn. Ẹ ṣe é fún gbogbo ẹsẹ̀, lápá méjèèjì. Tó bá dún pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló kàn, ibẹ̀ sì lewu. Ọ̀pọ̀ ń rà á kí wọ́n tó mọ bí ọkọ̀ wọn ṣe ń jẹ iná tó. Ẹ fi mítà sí ojú ọ̀nà iná, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fa gbogbo ẹrù rẹ̀ gun òkè, kí ẹ kà á. Ọkọ̀ kékeré mi oníẹsẹ̀ mẹ́rin ń jẹ áńpù kan nígbà tó bá ń gun òkè, nítorí náà bátìrì 3,000 mAh á gbé e fún bíi wákàtí mẹ́ta. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ńlá tó ní dáínámò méjì á jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ tún di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹ wo ibi tí mítà fò dé: ẹ̀rọ ìdarí-eré yín gbọ́dọ̀ lè gbé ju ìyẹn lọ. Ẹ má sì wá fóòtì (volt) 24 kiri nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀rọ ojú irin. Lithium mẹ́rin tí a so tẹ̀ léra jẹ́ fóòtì 14.8, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣájà NiMH, irú bátìrì mìíràn, ṣáájì lithium láéláé. Lithium kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ kọjá fóòtì 4.2, kò sì yẹ kó lọ sílẹ̀ ju 3 lọ, ṣájà tirẹ̀ àti bọ́ọ̀dù tó ń dáàbò bò ó ló ń ṣọ́ èyí. Ẹ má tú bátìrì inú laptop tó ti kú wá dà pọ̀ mọ́ tuntun. Ẹ má fi irin gbígbóná lẹ wáyà mọ́ ojú bátìrì ní tààrà. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti jó páànù mọ́ lójú láti ilé iṣẹ́. Fíùsì gbọ́dọ̀ súnmọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí, torí wáyà tó bá wà láàárín méjèèjì kò ní olùgbèjà. Ẹ fi súìṣì tó ń já gbogbo inú ọkọ̀ kúrò nígbà tí ẹ bá ń ṣáájì, ẹ má sì ṣáájì nígbà tí ẹ bá sùn. Ní oṣù January, nígbà tí ilé ìkẹ́rùsí inú ọgbà bá tutù ju òdo Celsius lọ, ẹ gbé e wọlé kó lọ́wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó ṣáájì rẹ̀, òtútù yẹn ń ba inú lithium jẹ́.

Ẹ̀rọ ìdarí-eré tí wọ́n yọ lára mọ́tò ìṣeré ń fa àwọn èèyàn torí pé kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, fóòtì 7.4 ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹ fún wọn ní 16.8 (lithium mẹ́rin tó kún, 4.2 lọ́nà mẹ́rin), apá tó ń bọ́ rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nínú ọkọ̀, á gbóná títí á fi jó. Wọ́n tún máa ń tẹ bíréèkì kí wọ́n tó gbà láti padà sẹ́yìn, ìyẹn kò sì bá ìrìn rélùwéè mu. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí lófìfo, kí ẹ pa rìmóòtù: bí kò bá dúró, ẹ tún un ṣe, àfi bí ẹ bá dìídì ra irú rìsífà tó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Antẹ́nà rìsífà 2.4 GHz, nǹkan bíi mìlímítà 30 tó wà ní ìparí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sé e mọ́ abẹ́ òrùlé idẹ, ọkọ̀ kò ní gbọ́ràn bó bá ti jìnnà díẹ̀. Ẹ já ẹ̀rọ èéfín, torí ó ń jẹ bátìrì lásán. Ẹ fi LED àti rẹsístọ̀ rọ́pò gílóòbù àtijọ́. Bí ẹ bá yọ irin wúwo inú ọkọ̀ kí bátìrì lè rí àyè, ẹ wá ibòmíràn fi ìwúwo náà sí, láàárín ẹsẹ̀ tó ń fa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ á máa yọ̀ lórí òkè.

Kí ẹ tó fi ìdè de òrùlé padà, ẹ jẹ́ kó fa ẹrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òrùlé ṣíṣí. Ẹ pa á, kí ẹ fi ìka kan ẹ̀rọ ìdarí-eré náà. Bí ìka yín kò bá lè dúró níbẹ̀ títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀wá, ẹ má tíì dé e.