Bí o ṣe lè rí ọwọ́ tìrẹ nínú ọnà ojú aṣọ

Ọdún kejì mi lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ aṣọ ni mo tó mọ̀ pé ìlà ara ògiri tó lanu ló ń fa ọkàn mi, kì í ṣe òdòdó. Tẹ́ gbogbo àwòrán rẹ sílẹ̀, kí o wo èyí tó ń padà wá láìpè.

Yà á sí àárín bébà onígun mẹ́rin, 20 sẹ̀ǹtímítà. Má jẹ́ kó kan etí. Gé bébà náà sí méjì lóòró, pààrọ̀ ipò wọn, fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn. Gé e níbùú, ṣe bákan náà. Etí yóò máa bá etí mu báyìí, bó o bá ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí. Àlàfo á ṣẹ́ kù láàárín. Ọ̀pọ̀ ń sáré dí i. Èmi fi tèmi sílẹ̀, ojú aṣọ náà sì fúyẹ́.