Bí a ṣe ń kó àwo giramafóònù àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà jọ, tí kò fi ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ àwo tó ti lo 100 ọdún láìsí ohun tó ṣe é ló ń bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Wọ́n á fi sípírítì nù ún, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lórí. Rírà rẹ̀ ò le. Fífọ̀ ni wàhálà wà.

Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ ìgbà tí ẹ ń wá. Fred Gaisberg ti Gramophone Company, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kó ẹ̀rọ ìgbohùn dé Kolkata lọ́dún 1902, November ọdún náà ni Gauhar Jaan, gbajúmọ̀ olórin obìnrin, sì kọrin sínú ìwo ẹ̀rọ rẹ̀. Hanover ní Jámánì ni wọ́n ti ń tẹ àwo kí wọ́n tó kó o padà wá sí Íńdíà, títí dìgbà tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wo fi bẹ̀rẹ̀ ní Sealdah, ní Kolkata, lọ́dún 1908. Ojú kan ṣoṣo ni orin máa ń wà lára àwo ìgbà yẹn. Ẹ yí i padà: tí ẹ bá rí áńgẹ́lì tó ń fi ìyẹ́ kọ nǹkan sórí àwo, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti pẹ́ nìyẹn. Ajá tó jẹ́ àmì His Master's Voice lára pépà àárín àwo kò tíì dé nígbà náà. Ẹ má gbára lé pépà àárín nìkan o, torí wọ́n tún orin àtijọ́ tẹ̀ sórí àwo olójú méjì nígbà tó yá. Nọ́ńbà tí wọ́n ha sára àwo fúnra rẹ̀, létí pépà àárín, ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀.

Ọjà Chor Bazaar ní Mumbai àti Mirza Ghalib Street ní Kolkata ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin tí Íńdíà ṣe lọ́dún 1972 kò gbà kí aládàáni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti pé 100 ọdún jáde nílùú, nítorí náà ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó sanwó àwo tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó wá.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré dání. Ẹ tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án láti òkè. Bí ojú ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ bá ti funfun bí eérú, abẹ́rẹ́ irin ti jẹ ẹ́, kò sí omi tó lè fọ ìyẹn kúrò. Ẹ di etí àwo mú, kí ẹ fi èékánná kàn án jẹ́jẹ́: àwo tó dá ṣáṣá á dún gooro, èyí tó ti sán á dún bí ìkòkò tó là. Etí tó gé díẹ̀, tí kò dé ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀, kò burú.

Ó wá ku fífọ̀.

Oje tí kòkòrò kan ń tọ̀ sára ẹ̀ka igi ní Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní shellac, ni wọ́n pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta láti fi ṣe àwo yìí. Oje kan náà ni káfíńtà ń rẹ sínú sípírítì títí yóò fi yọ́, kó tó fi í dán àga. Bí sípírítì bá kan àwo, bó ṣe máa yọ́ náà nìyẹn. Á kọ́kọ́ máa dán, inú ẹni tó ń nù ún á dùn, òwú ọwọ́ rẹ̀ á sì dúdú. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Orin ló wà lára òwú yẹn, kò sì ní padà sára àwo mọ́.

Kì í ṣe sípírítì nìkan. Ògógóró, lọ́fínńdà, sànítáísà, omi ìnu-gíláàsì, bákan náà ni gbogbo wọn. Omi ìfọwo tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kó àwo vinyl jọ, ìyẹn àwo oníke tó dé lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní ọtí nínú. Ẹ ka ara ike rẹ̀: bí ẹ bá rí alcohol, ethanol tàbí isopropanol, ẹ gbé e sílẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù Yorùbá tí ilé iṣẹ́ Zonophone gbà sílẹ̀ lẹ́nu Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922, oje yìí kan náà ni. Ẹni tó bá bá a nínú àpótí bàbá rẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó má fi sípírítì kàn án.

Omi tútù lítà 1 àti ọṣẹ olómi ìfọbọ́ ẹ̀kán 2 ti tó. Ẹ fi ìdérí ike tó fẹ̀ ju pépà àárín lọ díẹ̀ bo pépà náà, kí ẹ fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀, torí bí omi bá wọ pépà, ìwé orí rẹ̀ á parẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé dára ju èyí tó wọ́n lọ. Ẹ máa tọ ojú ìlà yípo. Ẹ má gbé búrọ́ọ̀ṣì dábùú rẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 2 lọ nínú omi, ẹ má sì rì í sínú báàfù, torí omi á gba ojú ibi tó sán wọlé. Omi tí wọ́n ti sè di ooru tí wọ́n sì gbà padà ni kí ẹ fi ṣan án. Omi bátìrì tí mẹkáníìkì ń lò náà tó, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò ní ásíìdì.

Ẹ nà án ró nínú agbeko abọ́, lábẹ́ ààbò, kí fáànù máa fẹ́ sí i di ọjọ́ kejì. Oòrùn ọ̀sán á mú kó lọ́. Inú mọ́tò burú ju oòrùn lọ. Bí ẹ bá sì kánjú tì í sínú àpò nígbà tó ṣì tutù, á bu, nǹkan funfun á sì bò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ wá abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.003 íńṣì. Abẹ́rẹ́ vinyl kéré jù, ìsàlẹ̀ ojú ìlà níbi tí erùpẹ̀ wà ló máa wọ̀. Tó bá jẹ́ giramafóònù olówìíńdì, tí à ń fọwọ́ yí, ni, abẹ́rẹ́ irin 1 fún ojú 1, kí ẹ jù ú nù. Iyára àwọn àwo àkọ́kọ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ yíyí 78 ní ìṣẹ́jú 1, nítorí náà ẹ tẹ́tí sí ìparí rẹ̀: Gauhar Jaan àti ọ̀pọ̀ olórin ìgbà náà máa ń dárúkọ ara wọn níbẹ̀. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í tan ni jẹ bí ohùn orin. Ẹ yí iyára títí yóò fi dà bí ènìyàn.

Àpò pépà ni kí ẹ fi pa á mọ́, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù. Kí ó dúró gbọnrangandan, kó má fẹ̀yìn ti nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi páálí 2 tó tóbi jù ú lọ há a láàárín, kí fóòmù ìka 3 yí i ká nínú àpótí. Ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára àpò kí ẹ tó ti àwo bọ̀ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti wà nínú rẹ̀.