Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tí Ń Fi Ìdíje CTF Kọ́ṣẹ́ Ààbò Kọ̀ǹpútà

Ní ọ̀sán Sátidé kan, nínú yàrá kékeré tí a ń lò lójú ọ̀nà Ìwòrókò ní Adó-Èkìtì, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù àlòkù fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, fáìlì kan ṣoṣo ni ó sì ń bá jà. Eré ìdánrawò tí ń jẹ́ Bandit, èyí tí OverTheWire gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ni ó ń ṣe, kò sì tíì jìnnà nínú rẹ̀. Orúkọ fáìlì náà kì í ṣe lẹ́tà, kì í sì í ṣe nọ́ńbà: ìlà kúkúrú kan ni, irú èyí tí a fi ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ó tẹ àṣẹ cat, èyí tí a fi ń ka ohun tí ó wà nínú fáìlì, ó fi ìlà náà tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà sì dákẹ́. Ó rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó pa á, ó tún un ṣe, ó tún dákẹ́. Ẹni tí ó jókòó tì í ti ṣí ìdáhùn sórí fóònù, ó ń nà án sí i, ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ̀. Nígbà tí ó ka ìwé àlàyé àṣẹ cat fúnra rẹ̀, ó rí i pé bí cat bá rí ìlà bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù ni yóò máa dúró láti kà. Kọ̀ǹpútà kò kú rárá. Òun ni ó ń dúró dè. Ó wá kọ ./- láti fi hàn pé fáìlì tí ó wà nínú àpò tí òun wà yìí gan-an ni òun ń wí, páswọ́ọ̀dù ìpele tí ó kàn sì jáde.

Ogójì ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo ń rí láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ du ara wọn láìmọ̀.

Fún ẹni tí kò tíì bá irú ìdíje yìí pàdé, CTF (Capture the Flag, ìyẹn "gba àsíá") ni pé kí olùdarí mọ̀ọ́mọ̀ fi àléébù sínú ètò kọ̀ǹpútà, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fáìlì, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ kúkúrú kan pamọ́ síbẹ̀, èyí tí a ń pè ní àsíá. Ẹni tí ó bá rí àsíá náà gba máàkì. Níbi ìpàdé DEF CON ní Las Vegas, wọ́n ti ń ṣe é láti 1996. Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ picoCTF ní 2013 ní pàtàkì fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò gba kọ́bọ̀, àwọn ìbéèrè ọdún tí ó ti kọjá sì wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò. Nítorí pé picoCTF ní ibi ìkọ̀wé àṣẹ tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà, ẹ má ṣe dúró de láptọ́ọ̀pù olówó gọbọi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ ni kí ènìyàn sáré lọ wo ìdáhùn. Lẹ́yìn ìdíje, àwọn tí ó yege máa ń kọ bí wọ́n ṣe ṣe é sílẹ̀, àkọsílẹ̀ wọ̀nyí sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kà wọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí odó. Ó lè rí gbogbo bí ọmọ odó ṣe ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó sì lè sọ ìgbà tí omi yẹ kí ó kan iyán, síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọmọ odó lé òun náà lọ́wọ́, kókó ni yóò kún inú iyán rẹ̀. Bákan náà ni fún ẹni tí ó gbé ìbéèrè fún ChatGPT, tí ó sì da ohun tí ó sọ kọ. Máàkì yóò wọlé, orúkọ yóò gòkè lórí pátákó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ìbéèrè náà padà díẹ̀, yóò di aláìmọ̀kan lórí ohun tí ó ti gba máàkì lé lórí. Bí ó bá pọn dandan kí ẹ wo ìdáhùn, ẹ kà á dé ìlà kan ṣoṣo tí ó kọjá ibi tí ẹ há sí, kí ẹ pa á dé, kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ìbéèrè náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ láìwo ohunkóhun. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ohun tí ẹ kọ́ ti di tiyín.

Àwọn kan kò jí ìdáhùn wò, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ni wọ́n gbára lé. Wọn yóò fi Kali Linux, ètò tí ó kún fún irinṣẹ́ ààbò, sórí kọ̀ǹpútà lónìí, wọn yóò sì tan sqlmap, irinṣẹ́ tí ń wá àléébù ibi ìpamọ́ dátà fúnra rẹ̀, lọ́la, láìtíì mọ bí ibi ìpamọ́ dátà ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Bí ojú ìwé ìwọlé kan bá ń gba orúkọ tí ẹ kọ, tí ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àṣẹ SQL (èdè tí a fi ń bá ibi ìpamọ́ dátà sọ̀rọ̀) láìyẹ̀ ẹ́ wò, àmì kan ṣoṣo, ìyẹn àmì àyọlò kékeré ('), tó láti parí gbólóhùn tí olùkọ̀wé ètò náà bẹ̀rẹ̀, kí ìyókù ohun tí ẹ kọ sì di àṣẹ. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àmì yẹn, tí ó rí i bí ojú ìwé náà ṣe fi àṣìṣe hàn, tí ó sì rò ó títí ó fi yé e, lè dá irú àléébù bẹ́ẹ̀ mọ̀ níbikíbi. Ẹni tí sqlmap bá ṣe é fún kò rí nǹkan kan ju àsíá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wireshark, irinṣẹ́ tí ń fi ohun tí ó kọjá lórí nẹ́tíwọ̀kì hàn: ẹ ṣí fáìlì tí wọ́n fún yín, ẹ wá ibi tí ẹnì kan ti wọlé sí ojú ìwé HTTP, ẹ ó sì rí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kedere bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Ẹni tí ó ti rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò nílò ìkìlọ̀ mìíràn nípa lẹ́tà S tí ó yẹ kí ó wà ní ìdí HTTP, èyí tí ó fi hàn pé wọ́n ń bo ọ̀rọ̀ náà lójú lójú ọ̀nà.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni gbígbé ìdíje kúrò nínú ìdíje. Ọmọkùnrin kan láàárín wa, tí ó mọ iṣẹ́ dáadáa, kọ́ pé ojú ìwé kan lè parí àdírẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà oníbàárà, àti pé bí ètò náà kò bá yẹ ẹni tí ń béèrè wò, yíyí nọ́ńbà náà padà yóò ṣí ìwé ẹlòmíràn. Lóru ọjọ́ náà gan-an, ó dán an wò lórí ìkànnì èsì ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ṣí. Ó ṣí ìkejì, ó ṣí ìkẹta, ó ya àwòrán wọn, ó sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa pẹ̀lú ìdùnnú. Kò jí kọ́bọ̀, kò yí máàkì ẹnikẹ́ni padà, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a kò sùn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ṣe ní 2015, ní abala 6, ka wíwọ kọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ sì lè tó ọdún 7 bí ó bá jẹ́ pé láti gba dátà ni ẹni náà fi wọlé.

Nínú ìdíje, ẹni tí ó ni ilé ló ní kí ẹ wọlé. Níta, kò sí ẹni tí ó pè yín. Bí ẹ bá ṣèèṣì rí àléébù lórí ìkànnì tòótọ́, ẹ dúró lójú ìwé tí ẹ ti rí i, ẹ má ṣe ṣí òmíràn láti fi dá ara yín lójú, ẹ má ṣe tọ́jú dátà ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì kọ̀wé sí ẹni tí ó ni ín. NgCERT, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ewu orí kọ̀ǹpútà, náà wà tí ẹ lè fi tó létí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọdẹ níta lè lọ sí HackerOne tàbí Bugcrowd, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba ibi tí wọ́n gbà kí a fọwọ́ kàn àti ibi tí wọn kò gbà. Ẹ ka ìlànà náà tán kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Nítorí irú èyí, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yìí pamọ́ fún àwọn òbí yín. Ní Èkìtì níbí, bí bàbá bá gbọ́ pé ọmọ òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń já wọ kọ̀ǹpútà, "yàhúù" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò wá sí i lọ́kàn, n kò sì dá a lẹ́bi. Ẹ pè é, ẹ ṣí ìbéèrè kan síwájú rẹ̀, ẹ fi ibi tí olùdarí ti fi àṣẹ fún yín hàn án.

Ẹ má ṣe ṣiṣẹ́ láìkọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀, nítorí pé iná lè lọ nígbàkígbà, ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà yóò sì bá a lọ. Nínú ẹgbẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe gbogbo ìbéèrè nítorí pé òun ló yára jù.

Àṣìṣe kan kù tí àwọn tí ó ti mọṣẹ́ pàápàá ń ṣe: wọ́n gbà pé iṣẹ́ parí nígbà tí àsíá bá jáde. Ẹni tí yóò gbà yín síṣẹ́ kò nílò ẹni tí yóò fọ́ ilẹ̀kùn nìkan; ó fẹ́ mọ bí a ó ṣe tì í. Irú CTF mìíràn, níbi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣọ́ server tirẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí ń gbé ojú ìwé fún oníbàárà) tí ó sì ń kọlu ti àwọn yòókù, ló kọ́ mi ní èyí. Nínú yàrá wa, a so láptọ́ọ̀pù mẹ́rin pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ Wi-Fi kan láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì pín sí ẹgbẹ́ méjì. Ẹgbẹ́ kan rí i pé ojú ìwé ìwọlé àwọn ní àléébù SQL, wọ́n sì pa ojú ìwé náà pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà gba ibẹ̀ wọlé. Wọn kò pàdánù àsíá, ṣùgbọ́n máàkì wọn ń já, nítorí pé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni a ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ìwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wà nínú wọn. Ó tan ojú ìwé náà padà, ó wá ìlà tí ó ń lẹ orúkọ mọ́ àṣẹ, ó sì tún un kọ kí orúkọ àti àṣẹ máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlà méjì péré ni ó yí padà. Àwọn ẹgbẹ́ kejì ń fi àmì àyọlò kékeré wọn kànlẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ohun tí ojú ìwé náà sì ń dá wọn lóhùn ni pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ níbí.