Prójẹ́ktọ̀ méjì, mọ́nítọ̀ kan, láptọ́ọ̀pù kan: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹ̀yin ará mídíà ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe mídíà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó pè mí láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn láti ọdún mélòó kan, ó sì ti ń sú mi, torí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí wọ́n ti ń kọrin ìyìn lọ́wọ́ kọ́ ló yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wáyà ń wọlé sí. Nǹkan kan náà ni gbogbo yín ń fẹ́: kí prójẹ́ktọ̀ apá òsì àti tapá ọ̀tún máa gbé orin àti ẹsẹ Bíbélì jáde, kí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà sì ní ojú iṣẹ́ tiẹ̀ tí ìjọ ò ní rí. Kò le. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé a máa ń rò pé kọ̀ǹpútà mọ ohun tá a so mọ́ ọn. Kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá dá a lóhùn nìkan ló mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, prójẹ́ktọ̀ ń kọ "No signal".

Ẹ tẹ Source lára rìmóòtù títí ẹ ó fi dé ihò HDMI tí wáyà yín wà gan-an. HDMI 1 kọ́ ni HDMI 2. Ẹ yọ wáyà, ẹ tún un kì bọ ibẹ̀ kó wọlé dáadáa. Ó tán.

Gbogbo ohun tí mò ń ṣe lórí láptọ́ọ̀pù ni ìjọ ń rí, kódà WhatsApp mi.

Duplicate lẹ wà, ìyẹn ni pé ohun kan náà ló ń hàn níbi gbogbo. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ P, ẹ mú Extend, kí screen kọ̀ọ̀kan lè ní àwòrán tiẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọ inú EasyWorship tàbí ohunkóhun tẹ́ ẹ fi ń gbé orin jáde, kí ẹ yan screen kejì fún un pé ibẹ̀ ni kó máa gbé orin sí. Extend nìkan ò tó, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn.

Mo ti mú Extend, àmọ́ ohun tí mo bá ṣí, mi ò rí i mọ́, orí ògiri ló ń lọ.

Ẹ di Windows àti Shift mú pa pọ̀, kí ẹ tẹ ọfà ọ̀tún tàbí òsì, á padà sọ́dọ̀ yín. Kó má bàa tún ṣẹlẹ̀, ẹ lọ sí Settings, System, Display, ẹ tẹ Identify kẹ́ ẹ mọ èwo ni 1 èwo ni 2, kí ẹ wá tẹ ojú láptọ́ọ̀pù kí ẹ sọ ọ́ di main display.

Ṣé kí n ra splitter? Àwọn tó wà ní Computer Village ní switcher náà ló dáa.

Ẹ dúró, torí ibí yìí lowó ti ń ṣòfò. Splitter ń gba àwòrán kan, á pín in sí méjì tàbí mẹ́rin, kan náà ni gbogbo wọn á sì máa gbé jáde. Switcher, òdìkejì rẹ̀ ni, òun ń gba láptọ́ọ̀pù mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọlé kẹ́ ẹ lè máa yan ẹyọ kan tó máa jáde. Ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù kan àti prójẹ́ktọ̀ méjì, kí ló fẹ́ fi switcher ṣe? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, splitter ló tó wọn: HDMI láptọ́ọ̀pù wọ inú splitter, splitter lọ sí prójẹ́ktọ̀ méjèèjì, ojú láptọ́ọ̀pù wá di ibi iṣẹ́. Lójú Windows, screen méjì péré nìyẹn, tiẹ̀ àti "ọ̀kan" níta. Kò mọ̀ pé prójẹ́ktọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Àmọ́ tí pásítọ̀ bá fẹ́ mọ́nítọ̀ lórí pẹpẹ níwájú ẹ̀, tí aago àti ẹsẹ Bíbélì tó kàn á máa hàn fún òun nìkan, splitter ò lè ṣe ìyẹn. Àwòrán ọ̀tọ̀ ni, ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gbà jáde látinú kọ̀ǹpútà.

HDMI kan ṣoṣo ló wà lára láptọ́ọ̀pù mi, níbo ni mo ti máa rí ìkejì?

Ẹ wo USB-C tí ẹ bá ní in. Kì í ṣe gbogbo USB-C ló ń gbé àwòrán o, ẹ wá àmì DisplayPort tàbí àmì mànàmáná ti Thunderbolt lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí ẹ ò bá rí i, ẹ wo ìwé láptọ́ọ̀pù náà kí ẹ tó náwó. Èyí tó ń fi USB lásán ṣiṣẹ́ náà wà, tí wọ́n ń pè ní DisplayLink, ó fẹ́ driver tiẹ̀ (ètò tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi sínú kọ̀ǹpútà), ó sì ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà, fún mọ́nítọ̀ pásítọ̀ tí kò ju ọ̀rọ̀ àti aago lọ ó dáa, fún fídíò mi ò ní fi sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka iye tí kọ̀ǹpútà lè gbé. Àwọn tòkúnbọ̀ àtijọ́ tí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé Intel i5 tàbí i7 tí wọ́n kọ sára wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, ìran kejì, ti 2011, nìyẹn, graphics (ohun tó ń gbé àwòrán jáde) inú Intel yẹn ò lè gbé ju screen méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú láptọ́ọ̀pù sì wà lára méjì yẹn. Ìran kẹta, ti 2012, ló di mẹ́ta. Ẹni tó ní MacBook Air M1 tàbí M2, screen kan ṣoṣo níta ló gbà, ayafi tí ẹ bá gba ọ̀nà DisplayLink. Mo ti rí ẹni tó ra ádápítọ̀ mẹ́ta sórí ẹ̀ kó tó gbà.

Tówó bá wà, ẹ ra desktop tó ní graphics card pẹ̀lú ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn, kí ẹ fi mọ́nítọ̀ kan ṣe ojú iṣẹ́. Ihò ara card náà ni kí ẹ sì ki gbogbo wáyà sí, ẹ fi tara motherboard sílẹ̀.

Prójẹ́ktọ̀ ti àtijọ́ ò ní HDMI, VGA nìkan ló ní.

Ẹ ra èyí tó ń sọ HDMI di VGA. Ẹ là á mọ́lẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, torí èyí tó ń sọ VGA di HDMI ò lè ṣiṣẹ́ yẹn, bó ti wù kí wọ́n jọra tó.

Àwòrán ń ṣẹ́jú, ó ń dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó padà, àmì funfun wẹ́wẹ́ tún ń tàn lára ẹ̀ bí ìràwọ̀.

Wáyà yín gùn jù. Wáyà HDMI lásán, láti mítà 10 lọ ló ti ń di ìjà, ju mítà 15 lọ kí ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Ẹ lo extender: àpótí kékeré kan lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, ìkejì rẹ̀ lẹ́bàá prójẹ́ktọ̀, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat6 láàárín, àwọn tó jẹ́ HDBaseT nínú wọn lè dé mítà 100. Kọ́pà gidi ni kí Cat6 náà jẹ́, kì í ṣe àlúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò. Tó bá sì jẹ́ wáyà HDMI fíbà lẹ rà, ó ní orí àti ìdí, wọ́n kọ Source sí ẹ̀gbẹ́ kan àti Display sí ìkejì, tẹ́ ẹ bá yí i padà kò ní mú nǹkan kan wá, ẹ wo ó kí ẹ tó gbé e gba inú àjà.

Ní Sátidé gbogbo ẹ̀ dáa. Ní Sọ́ńdè, bí wọ́n bá ti mú iná lọ tá a sì tan jẹnẹrétọ̀, ojú iṣẹ́ mi ló ń hàn lára ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí eléyìí, torí ó jẹ mí níyà.

Ìbàdàn ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ní gbọ̀ngàn ńlá. Prójẹ́ktọ̀ méjì, ti òsì jẹ́ ti àtijọ́ tó ń ṣe àwòrán ìwọ̀n 1024×768, ti ọ̀tún jẹ́ tuntun tó ń ṣe 1920×1080, splitter wà láàárín wọn. Èmi ni mo so gbogbo ẹ̀. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ìjọ ń kọrin, wọ́n mú iná, jẹnẹrétọ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú kan, prójẹ́ktọ̀ tàn padà, àfi bí ojú iṣẹ́ ọmọ tó ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ ṣe yọ fàyà sára ògiri méjèèjì, bọ́tìnnì, orúkọ fáìlì, gbogbo ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ orin kankan. Àwọn tó mọ orin náà sórí ń kọ ọ́ lọ, àwọn ìyá àgbà tó jẹ́ pé ògiri yẹn ni wọ́n ń wò dákẹ́, wọ́n kàn ń wo ẹ̀yìn wò wá. Ó dùn mí gan-an ni.

Mo pààrọ̀ wáyà. Sọ́ńdè kejì, bákan náà. Mo gbé láptọ́ọ̀pù tèmi wá, bákan náà. Mo fi Windows tuntun sí tiwọn, mo tún EasyWorship fi, mo lo ọjọ́ Sátidé látàárọ̀ dalẹ́ níbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan, ó dára bí ẹyin, torí jẹnẹrétọ̀ la tàn látàárọ̀ tí kò sì kú lẹ́ẹ̀kankan. Mi ò ronú kan ìyẹn. Ní Sọ́ńdè kẹrin àwọn ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé kí wọ́n kúkú ra prójẹ́ktọ̀ òsì tuntun.

Ní Sọ́ńdè karùn-ún mi ò fọwọ́ kan ohunkóhun, mo kàn jókòó ti ọmọ náà. Wọ́n mú iná. Gbọ̀ngàn parọ́rọ́, ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ: láptọ́ọ̀pù dún, ohùn tó máa ń ṣe tí wọ́n bá yọ nǹkan lára ẹ̀. Bátìrì ló ń lò, òun ò kú. Ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan wáyà. Ta ló wá yọ nǹkan?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Gbogbo prójẹ́ktọ̀ àti mọ́nítọ̀ ló ní ìwé ìdánimọ̀ kékeré kan nínú, EDID lorúkọ ẹ̀, òun ló ń fi sọ fún kọ̀ǹpútà irú ẹni tóun jẹ́ àti ìwọ̀n àwòrán tóun lè gbà. Nínú wáyà HDMI, ẹsẹ̀ (pin) ìkọkàndínlógún ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ẹnì kan wà lápá ibẹ̀. Splitter wa, iná ògiri ló ń jẹ. Iná lọ, splitter kú, ẹsẹ̀ yẹn dákẹ́, Windows ní "wọ́n ti yọ ọ́", ó kó gbogbo ojú ewé padà sórí láptọ́ọ̀pù. Jẹnẹrétọ̀ dé, splitter jí lójú ẹsẹ̀, àmọ́ prójẹ́ktọ̀ ò tíì jí, nítorí náà ìwé tara ẹ̀ ni splitter fún Windows. Windows ò mọ ẹni yẹn rí, ètò Extend tá a ti ṣe, fún ẹni àtijọ́ ló tọ́jú ẹ̀, ó wá ṣe fún àlejò yìí bó ṣe máa ń ṣe fún àlejò lára láptọ́ọ̀pù lọ́pọ̀ ìgbà, ó mú Duplicate. Kó tó rò ó tán, prójẹ́ktọ̀ òsì jí, ìwé tún yí padà sí 1024×768. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, EasyWorship ò mọ ibi tóun ń lọ mọ́.

Ohun tó wò ó sàn ò ju àtàǹpàkò lọ. EDID emulator ni wọ́n ń pè é, ara láptọ́ọ̀pù lẹ máa ki í sí, wáyà tó ń lọ sí splitter á wá wọ ẹ̀yìn ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀ ló ń fún un níná, nítorí náà iná ìta ì báà lọ ì báà bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "mo wà níbí, 1280×720 ni mí." Ìwọ̀n yẹn ni mo yàn torí prójẹ́ktọ̀ méjèèjì ló gbà á, ti òsì á kàn ní dúdú díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Mo tún gbé splitter sórí UPS kékeré. Nínú Windows 11, ní Settings, Display, lábẹ́ Multiple displays, ẹ fi àmì sí èyí tó ní kó máa rántí ibi tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan wà, òun náà ń ràn wá lọ́wọ́.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú iná lẹ́ẹ̀mejì. Ògiri ṣú, ògiri mọ́, ẹsẹ orin tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ ló tún wà níbẹ̀. Wọn ò ra prójẹ́ktọ̀ tuntun mọ́.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ń ṣe rìhásà ní Sátidé, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa iná kí ẹ tún tàn án. Prójẹ́ktọ̀ tí ń lo gílóòbù ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó tún un tàn, kí ẹ má sì dán an wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Prójẹ́ktọ̀ òsì ń pọ́n, ti ọ̀tún ń tutù bí búlúù, ṣé mo lè tú u?

Rárá. Ẹ wo Color Mode inú mẹ́núù méjèèjì, kẹ́ ẹ mú kan náà fún wọn. Gílóòbù tó ti gbó náà máa ń pọ́n, pààrọ̀ ẹ̀ la ń ṣe. Iná tó ń tan gílóòbù yẹn lágbára gan-an, mákúrì sì wà nínú gílóòbù fúnra ẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìlà dúdú ń gùn lára àwòrán láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nígbà míì tí mo bá mú orí wáyà ó ń ta mí lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ ìlà nìkan, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù wò. Tí ìlà bá lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí láptọ́ọ̀pù wà àti èyí tí prójẹ́ktọ̀ wà ò jọ ní áàtì (wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) kan náà, ẹ fa iná àwọn méjèèjì láti ibì kan.

Èyí tó ń ta yín lọ́wọ́ yẹn, ẹ má ṣe wò ó níran. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn wa ló ní fésì mẹ́ta, iná 415 fóòtì (volt) ló wà láàárín fésì kan sí ìkejì, tí áàtì ò bá sì dáa, wáyà HDMI lè di ọ̀nà tí iná ń gbà. Mo ti rí láptọ́ọ̀pù tó jó níbẹ̀. Nígbà míì, ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀ ni iná náà lè gbé. Ẹ pa bírékà tó ń fún prójẹ́ktọ̀ àti láptọ́ọ̀pù níná, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan wáyà yẹn kí ẹ tó pa á, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́, kó wọn áàtì, kó sọ ibi tó ti já. Èmi náà kì í tún áàtì ṣe. Tó bá jẹ́ àárọ̀ Sọ́ńdè ni, kí wọ́n fi ìwé orin kọrin lọ́jọ́ yẹn.