Bí ẹ bá ń lọ káàmpù ìlera ọ̀dọ́ létí odò Ọ̀yán, ẹ má ṣe báyìí

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí dáàmù Ọ̀yán ní 1983, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta, ni àtọ̀sí ajá, àrùn kòkòrò tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ti ń bá àwọn abúlé etí omi náà fínra. Àwọn ọmọdé ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ó dára kí ọ̀dọ́ yọ̀ǹda ara wọn láti lọ kọ́ ọmọ iléèwé ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ìlera, àmọ́ àwọn àṣìṣe kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí a bá ti wọkọ̀ wálé ni ọmọ olómọ máa ń jìyà wọn.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ kó ọmọ jọ kí ẹ ní, “Ẹ má wọ odò mọ́.” Odò yẹn ni bàbá wọn ti ń pẹja, ibẹ̀ ni ìyá wọn ti ń fọṣọ. Ọmọ náà á mi orí fún yín, kó tó di ìrọ̀lẹ́ yóò ti wà nínú omi. Ohun tó lè ṣe ni kí ẹ kọ́ ọ. Ẹni tó ní àrùn yìí tọ̀ sómi, ẹyin kòkòrò inú ìtọ̀ náà pa, ọmọ rẹ̀ wọ inú ìgbín kékeré inú omi, ó dàgbà níbẹ̀, ó jáde, ó sì gba awọ ara wọlé sára ẹlòmíràn. Kò dìgbà tí èèyàn bá mu omi náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ sódò tàbí sétí rẹ̀: ọmọ ọdún mẹ́wàá lè bẹ̀rẹ̀ èyí lónìí. Omi tí wọ́n bá pọn, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, ṣeé wẹ̀. Ti borehole tó bàjẹ́, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọdé.

Ẹ má gba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò láàárọ̀ kùtù. Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni ẹyin kòkòrò máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Bí ẹ bá gbà á ní aago méje, ẹ lè sọ fún ọmọ tó ní àrùn pé ara rẹ̀ le.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ ẹni tí àyẹ̀wò mú láàárín èrò. Lára ọmọbìnrin, ẹyin kòkòrò yìí lè wọ ẹnu ilé ọmọ, kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ, kí ó sì máa dùn ún. Àwọn tí kò mọ̀ á ní ó ti ń tẹ̀lé ọkùnrin, orúkọ burúkú yẹn kì í sì í tètè kúrò lára ọmọ lábúlé. Kí nọ́ọ̀sì pè é sí kọ̀rọ̀. Bí ọmọkùnrin bá sì ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Praziquantel, òògùn tó ń pa kòkòrò àrùn yìí ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ìlera tó ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gíga ọmọ, láti mọ iye tí yóò lò, ni kó pín in. Ẹ rí i pé àwọn ọmọ ti jẹun, ẹ̀wà tàbí ẹ̀kọ, kí wọ́n tó lò ó. Bí ẹnì kan bá bì tàbí tí òòyì kọ́ ọ, ariwo á gba abúlé pé májèlé ni, wọn ò sì ní mú ọmọ wá mọ́. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé òògùn yìí kì í dènà kí àrùn náà tún padà wá.

Ẹ má ya fọ́tò ọmọ láìgba àṣẹ òbí rẹ̀.

Orúkọ àwọn tí ó ṣì nílò ìtọ́jú, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe orí WhatsApp. Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì tó ṣe tán láti gbà á, ẹ sún káàmpù náà síwájú.