Bí a ṣe ń la ihò ńlá sínú ìpìlẹ̀ olókùúta ilé àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ilé ní Germantown, Mount Airy àti Chestnut Hill ní ìlú Philadelphia ló jókòó lórí ògiri òkúta tó ti lo ju ọdún 100 lọ. Òkúta àdúgbò ibẹ̀, Wissahickon schist, àwọ̀ eérú ni, ó sì máa ń dán yinrinyinrin tí iná tọ́ọ̀ṣì bá tàn sí i, nítorí mica tó wà lára rẹ̀. Àwọn tó mọ ògiri wọ̀nyí kò ro ti páìpù ìdọ̀tí oní-íńṣì 4, wáyà iná ńlá tàbí ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn. Ẹni tó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, bó pẹ́ bó yá, yóò nílò ihò láti yàrá abẹ́lẹ̀ bọ́ síta.

Ẹni tó ti rí bíríkìlà nílé, tó ń fi òòlù àti ṣísẹ̀lì la bùlọ́ọ̀kù oní-íńṣì 9 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lè rò pé bákan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ògiri yìí máa ń nípọn tó íńṣì 18 sí 24. Ojú méjì ló ní: òkúta ńlá lójú inú, òkúta ńlá lójú ìta, wọ́n wá da òkúta wẹ́wẹ́ àti mọ́tà sí àárín méjèèjì. Mọ́tà náà kì í ṣe ti sìmẹ́ńtì. Lime, ìyẹ̀fun funfun tí a ń rí láti ara òkúta ẹfun tí wọ́n sun, ni wọ́n pò mọ́ yanrìn. Ó rọ̀, ọ̀rinrin sì ti sọ ọ́ di yanrìn padà níbòmíràn débi pé ìka ọwọ́ lásán lè hó o jáde. Ohun tó gbé ògiri náà ró ni bí òkúta ṣe jókòó lé òkúta, tí ìwúwo ilé sì tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọn pé kí a tú òkúta díẹ̀ kúrò, kí a gbé páìpù sí i, kí a sì tún un mọ padà. Dírílì ńlá ní àyè tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn.

Ṣé òkúta ló yẹ kí páìpù náà gbà?

Ẹ wo òkè ìpìlẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ pákó ni wọ́n fi kọ́ ara ilé, páìpù kékeré lè gba inú pákó tó yí orí ìpìlẹ̀ ká, kó sì parí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé igi ńlá tó dùbúlẹ̀ lórí òkúta gan-an, torí òun ló ru ògiri. Tó bá jẹ́ bíríkì ló wà lókè òkúta, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé alásomọ́ra Philadelphia, ihò inú bíríkì rọrùn ju ti òkúta lọ ní ìlọ́po.

Ẹ tún wá ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀. Èédú ni wọ́n fi ń mú àwọn ilé yìí gbóná nígbà kan, ibi tí wọ́n ti ń da èédú náà wọlé sì ṣì wà lára ògiri iwájú ilé púpọ̀, wọ́n kàn dí i ni. Fèrèsé yàrá abẹ́lẹ̀ náà ń bẹ: ẹ lè yọ gíláàsì kan, kí ẹ fi pákó tí òjò kò lè bà jẹ́ dí ojú rẹ̀, kí ẹ sì lu ihò sára pákó yẹn. Páìpù atẹ́gùn, páìpù èéfín àti ti amúlétutù lè gba ibẹ̀ jáde, bí ibi tí wọ́n yọ sí bá bá òfin mu. Ohun tó gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀, bíi páìpù ìdọ̀tí, omi àti wáyà iná ńlá, ni òkúta kò ṣe é yẹ̀ fún.

Yíyan ojú ibi

Ẹ sá fún igun ilé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 2 sí i. Ẹ sá fún ibi tí orí igi àjà ńlá jókòó lé, abẹ́ símìnì, àti ibi tí ògiri ti wú síta tàbí tí ó ti là. Nínú ilé alásomọ́ra, ẹ má fọwọ́ kan ògiri tí ẹ jọ ní pẹ̀lú aládùúgbò. Bí ihò náà yóò bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ẹ pe ẹnjiníà kó wá wò ó kí ẹ tó gbé òòlù.

Ohun tí mo máa ń wá lára ògiri ni òkúta pẹlẹbẹ gígùn kan tó nà kọjá òkè ibi tí páìpù yóò gbà. Òkúta yẹn ni yóò ṣe àtẹ́rígbà fún ihò náà láìjẹ́ pé ẹ ra nǹkan kan. Bí ẹ bá lè sún ihò náà sọ́tùn-ún tàbí sósì kó lè bọ́ sábẹ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀, ẹ sún un. Bí kò bá sí, ẹ ó ní láti ki irin onígun tàbí òkúta gígùn mìíràn sí i, kó jókòó tó íńṣì 4 lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ níta, ẹ pe 811, nọ́ńbà fóònù tí a ń pè kí wọ́n wá fi ibi tí páìpù àti wáyà wà lábẹ́ ilẹ̀ hàn. Òfin Pennsylvania ní kí ẹ pè é, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ 3 ṣáájú. Wọ́n á wá fi ọ̀dà sàmì sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀: pupa fún iná, yẹ́lò fún gáàsì, búlúù fún omi, àwọ̀ ewé fún ìdọ̀tí, àwọ̀ ọsàn fún tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà tí onílé fúnra rẹ̀ rì sílẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n ń sàmì sí. Pọ́ńbà tàbí oníná tó ní láísẹ́ńsì ni kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ L&I ti ìlú Philadelphia (Licenses and Inspections), tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, tó sì ń yẹ iṣẹ́ ilé wò.

Ìmúrasílẹ̀

Eruku òkúta yìí ní silica nínú, ẹ̀dọ̀fóró tó bá ba jẹ́ kì í tún padà bọ̀ sípò. Ìbòmú P100, irú tó ń sẹ́ eruku wínníwínní, ni kí ẹ lò, kì í ṣe aṣọ. Ẹ lo awò tó bo ojú, ohun tí a fi ń dí etí, ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà onírin. Ẹ máa wọ́n omi sí ojú iṣẹ́ kí eruku má baà fò. Ẹ wo àyíká pẹ̀lú: bí nǹkan funfun tó dà bí bándéèjì bá wà lára páìpù ìgbóná àtijọ́ nítòsí, ó lè jẹ́ asbestos, tí eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ má kàn án, ẹ má jẹ́ kí òkúta já lù ú, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò.

Bí igi ilẹ̀ yàrá bá jókòó lórí ògiri náà, ẹ fi igi tó nípọn kan dábùú abẹ́ wọn, bí ẹsẹ̀ bàtà 2 sí inú yàrá, kí ẹ fi irin jáàkì méjì gbé e ró. Ẹ kàn yí jáàkì náà títí yóò fi fọwọ́ kan igi dáadáa. Ẹ kò gbé ilé sókè.

Níta, kòtò tóóró tí ènìyàn kan lè dúró sí ti tó. Bó bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, òfin ní kí ẹ fi pákó tàbí irin dá ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, nítorí ilẹ̀ tó bá wó lé ènìyàn lórí kì í fún un láyè láti pariwo.

Ihò atọ́nà

Ẹ fi dírílì onílù, irú SDS-Max, àti irin oní-íńṣì ààbọ̀ tó gùn ju ògiri lọ, lu ihò kan láti inú bọ́ síta ní àárín gbùngbùn ibi tí páìpù yóò gbà. Ẹ jẹ́ kó dà sísàlẹ̀ díẹ̀ síhà ìta, ìdámẹ́rin íńṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Nínú ògiri oní-íńṣì 20, ó kù díẹ̀ kó tó ààbọ̀ íńṣì. Omi òjò kò ní lè tọ ara páìpù wọlé.

Ẹ má sáré. Irin yẹn ń sọ ohun tó wà nínú ògiri fún yín. Bí ìyẹ̀fun tó ń jáde bá jẹ́ eérú tó ń dán, inú òkúta lẹ wà. Bó bá di yanrìn pupa rúsúrúsú tàbí funfun, mọ́tà ni. Bí irin bá ṣàdédé já wọlé láìsí agbára, ihò ṣófo wà láàárín ojú méjèèjì. Ẹ kọ ìwọ̀n ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, torí yóò wúlò nígbà tí ẹ bá ń tú u. Bí ihò náà bá yọ síbi tí kò dára níta, ẹ lu òmíràn. Ihò oní-íńṣì ààbọ̀ kò nira láti dí.

Títú òkúta

Ká ní páìpù ìdọ̀tí oní-íńṣì 4 lẹ fẹ́ gbé sí i. Òfin ní kí páìpù tó bá gba inú ìpìlẹ̀ kọjá wà nínú àkọ̀, ìyẹn páìpù mìíràn tó fi ìwọ̀n méjì tóbi jù ú lọ. Àkọ̀ tirẹ̀ yóò jẹ́ oní-íńṣì 6, tí ara rẹ̀ fẹ̀ ju íńṣì 6 ààbọ̀ lọ díẹ̀. Ihò tó fẹ̀ tó íńṣì 8 sí 9 ni yóò fún yín láyè láti ki mọ́tà yí i ká.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú. Ẹ fi ẹfun sàmì, kí ẹ nọ́ńbà àwọn òkúta tó bọ́ sínú àmì náà, kí ẹ sì ya fọ́tò. Òkúta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Ẹ fi irin dírílì tẹ́ẹ́rẹ́ lu mọ́tà tó yí i ká ní ibi púpọ̀, ẹ fi ṣísẹ̀lì tóóró hó o, títí òkúta náà yóò fi máa mì tí ẹ bá tì í. Nígbà náà ni kí ẹ ki irin gígùn tí a fi ń gbé nǹkan sókè (crowbar) sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa yí i jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi òòlù ńlá gbá a. Ohun tí ẹ bá gbá níbí ń mi òkúta tó wà lókè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi àtẹ́rígbà yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde.

Bí ẹ bá dé àárín, òkúta wẹ́wẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde bí àgbàdo tó ń jò nínú àpò. Ẹ má jẹ́ kó ṣàn pẹ́, torí òkè ihò ló ti ń wá. Ẹ ki òkúta kéékèèké àti mọ́tà líle sí ojú ibi tó ti ń jò, kí ẹ dúró kó di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Bí ẹ bá rí òkúta kan tó gùn láti ojú inú dé ojú ìta, ẹ má yọ ọ́. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló so ojú méjèèjì pọ̀. Ẹ sún ihò yín kúrò níwájú rẹ̀. Tí ẹ bá ti tú inú dé ìdajì, ẹ bọ́ síta, kí ẹ wá pàdé rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìgbà tí dírílì ńlá wúlò

Nígbà mìíràn, òkúta ńlá kan ṣoṣo ló gba gbogbo ojú ihò. Ibẹ̀ ni dírílì oníyípo tó ní dáyámọ́ńdì lẹ́nu, tó ń fi omi ṣiṣẹ́, ti wúlò. Ẹ háyà èyí tó ní ìdúró tí wọ́n ń dè mọ́ ògiri, kí ẹ má ṣe fọwọ́ lásán dì í mú, nítorí bí ẹnu rẹ̀ bá há, gbogbo agbára ẹ̀rọ náà á bọ́ sí ọrùn ọwọ́ yín. Ẹ so ìdúró náà mọ́ òkúta tó fìdí múlẹ̀, kì í ṣe mọ́tà. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì GFCI, irú tó ń gé iná lójú ẹsẹ̀ bí iná bá ń jò, torí omi wà nínú iṣẹ́ náà. Bó bá dé àárín ògiri, ẹ dá a dúró: òkúta wẹ́wẹ́ máa ń bá ẹnu dírílì yí ni, á sì há a. Ẹ fi ọwọ́ kó o jáde, kí ẹ tó máa bá a lọ.

Ẹni tí kò rí irú dírílì yẹn lè lu ihò wẹ́wẹ́ yí àmì ká, kó wá fi ṣísẹ̀lì gé àárín wọn. Ṣùgbọ́n schist ní ìpele, ìlù dírílì tó bá lágbára jù sì lè là á kọjá ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ dín agbára ìlù náà kù.

Gbígbé àkọ̀ sí i àti mímọ ògiri padà

Ẹ gé àkọ̀ náà kó yọ tó íńṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹ fi sáńpépà ha ara rẹ̀, torí mọ́tà kì í lẹ̀ mọ́ ara PVC tó ń dán. Ẹ fi igi kéékèèké há a, kó dà sísàlẹ̀ síhà ìta bí ihò atọ́nà ṣe dà.

Fún mọ́tà, ìwọ̀n lime NHL 3.5 kan (NHL ni lime tó lè gan nínú ọ̀rinrin, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń sọ bó ṣe le tó) sí yanrìn méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta. Lójú ìta tí ilẹ̀ yóò bò, NHL 5 le jù ú lọ, ó sì dára níbẹ̀. Ẹ má lo sìmẹ́ńtì: ó le ju ohun tó yí i ká lọ, ó ń há omi mọ́ inú ògiri, bí òtútù bá sì dé, òkúta ló ń fọ́, kì í ṣe sìmẹ́ńtì náà. Ẹ rin òkúta dáadáa, ẹ ki mọ́tà láti àárín wá síta ní ìpele ìpele, kí ẹ sì máa fi òkúta wẹ́wẹ́ há àyè tó bá fẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí àyè lábẹ́ àtẹ́rígbà. Ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ yìí kò yẹ nígbà tí òtútù bá wálẹ̀ ju 5°C lọ.

Bí mọ́tà bá ti gan, ẹ gbé páìpù gan-an wọ inú àkọ̀. Àyè tó wà láàárín wọn, rọ́bà oníbóòtù tó ń wú bí a bá ń dè é ni kí ẹ fi dí i, tàbí fóòmù àti gọ́ọ̀mù polyurethane. Páìpù gbọ́dọ̀ lè mì díẹ̀ bí ilé bá ń rọlẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí L&I rán wá rí i kí ẹ tó da ilẹ̀ bò ó. Òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ ni kí ẹ dà sí ẹ̀gbẹ́ páìpù, kí ilẹ̀ tó wá sórí rẹ̀, kí ojú ilẹ̀ sì dà kúrò lára ilé, íńṣì 6 nínú ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ tú jáàkì díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí mọ́tà bá ti le. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì sọ̀kalẹ̀ lọ wo abẹ́ àkọ̀ náà. Bí ó bá tutù, láti ìta ni kí ẹ ti tún un dí.