Òkúta Kọkànlá Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Mú Mi Pa Iṣẹ́ Tì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo náwó sórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Oníṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ pè to òkúta pẹlẹbẹ 14 sórí koríko ọgbà wa, láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn títí dé ibi tí a ń sá aṣọ sí. Kò lò ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ó gbowó, ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó lọ. Lọ́jọ́ náà, ó wuyì lójú.

Òjò ló tú àṣírí rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ òkúta, á mì, omi ẹrẹ̀ á ta jáde lábẹ́ rẹ̀, á sì ba aṣọ jẹ́. Méjì là sí méjì. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé gbogbo wọn yọ sókè ju ilẹ̀ lọ. Níbi tí mo ti ń gé koríko, abẹ ẹ̀rọ gbá etí òkúta kẹta, ó sì ká kò. Mo hú òkúta náà wò. Koríko ló wà lábẹ́ rẹ̀! Koríko tó ti jẹrà, tó ti di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, àti iyanrìn díẹ̀ tí kò nípọn tó ìka ọwọ́. Ọkùnrin yẹn kò gbẹ́lẹ̀ rárá. Ó kàn gbé òkúta lé orí koríko, ó sì bu iyanrìn sí i létí kí ojú mi má baà rí i.

Mo ní mi ò pe ẹnikẹ́ni mọ́, ọwọ́ ara mi ni màá fi ṣe é.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí a ṣe ń ra òkúta tàbí bí a ṣe ń gbé e. Ẹ ṣáà yá bàrò, nítorí òkúta kọnkéré tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 níbùú lóròó, tó sì nípọn tó 5, wúwo tó kílò 19. Ẹ̀yìn mi ló sọ fún mi.

Oníṣẹ́ yẹn ti fi sẹ̀ǹtímítà 75 sílẹ̀ láti àárín òkúta kan dé àárín èkejì. Ta ló ń gbẹ́sẹ̀ báyẹn? Ẹsẹ̀ kan màmá mi á bọ́ sórí òkúta, èkejì á bọ́ sínú koríko. Ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi rìn lọ síbi aṣọ bí wọ́n ṣe máa ń rìn. Ipa ẹsẹ̀ wọn hàn kedere nínú ìrì. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n, ó ń lọ láàárín 54 sí 60. Mo mú 57. Bí ọ̀nà tó gba òkúta 14 tẹ́lẹ̀ ṣe wá ń béèrè 18 nìyẹn. Pẹ̀lú méjì tó ti là, mẹ́fà ni mo tún rà, owó tí mi ò múra sílẹ̀ fún. Ká ní ẹnikẹ́ni ti wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò bá má ná an lẹ́ẹ̀mejì.

Gbígbẹ́lẹ̀ kò ṣòro. Ẹ gbé òkúta síbi tó máa wà, ẹ fi ẹnu ṣọ́bìrì ge koríko yí i ká, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ wá gbẹ́ ihò náà. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni mo gbẹ́: 5 fún òkúta, 4 fún iyanrìn, 1 kí ojú òkúta lè rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìdí koríko, kí abẹ má baà kàn án mọ́. Iyanrìn tó rí ṣákaṣàka lọ́wọ́ ni mo lò, kì í ṣe èyí tó kúnná. Mo fi òòlù rọ́bà lu òkúta wọlẹ̀, mo fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì, irinṣẹ́ tó ń fi hàn bóyá nǹkan tẹ́jú, yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan rẹlẹ̀ díẹ̀ kí omi má baà dúró lójú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, mo ti to mẹ́wàá. Inú mi dùn gan-an. Mo dúró lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó mì.

Ó wá kan òkúta kọkànlá.

Mo tò ó bí mo ṣe to àwọn yòókù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igun kan ti rì wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2. Mo hú u, mo da iyanrìn kún un, mo gún un, mo dá a padà. Lọ́jọ́ kejì, igun yẹn náà tún ti rì. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Òjò rọ̀ lóru, ilẹ̀ mọ́, òkúta ti dagun bí ìdérí ìkòkò tí kò bá ẹnu rẹ̀ mu. Ó dùn mí débi pé mo jókòó sórí bàrò, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ṣí mi lójú ni ṣọ́bìrì. Nínú àwọn ihò yòókù, àfi kí n fẹsẹ̀ tì í kó tó wọlẹ̀. Níbí, ó ń rì fúnra rẹ̀. Mo wo iyẹ̀pẹ̀ tó hú jáde: dúdú àti pupa dàrú mọ́ra, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ibẹ̀ rí! Mo fọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, mi ò lo irin mọ́, nígbà tó sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, mo kan páìpù omi. Ẹni tó ri páìpù náà kàn wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó ni, kò gún un. Gbogbo iyanrìn tí mo ń dà sí i, inú àlàfo ibẹ̀ ló ń lọ.

Odindi Sátidé ló gbà lọ́wọ́ mi. Mo fi iyanrìn bo páìpù náà, ẹsẹ̀ ni mo fi tẹ̀ ẹ́ kí n má baà fọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń da iyẹ̀pẹ̀ sí i ní sẹ̀ǹtímítà 10 lẹ́ẹ̀kan, mo ń wọ́n omi díẹ̀, mo ń fi ìtì igi gún un títí ìró rẹ̀ á fi yí padà láti bù sí kì, kí n tó da òmíràn lé e. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ òkè rẹ̀, mo gún un pẹ̀lú, kí iyanrìn tó tẹ̀ lé e. Méje tó kù kò gbà mí ju ọ̀sán kan lọ.

Ká ní mo mọ̀, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni mi ò bá kọ́kọ́ mú, kí n máa gún un wọlẹ̀ ní gbogbo ibi tí òkúta máa wà. Ibi tó bá ti wọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Kò lè gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, èmi sì fi ọjọ́ mẹ́rin jìyà rẹ̀. Koríko tí ẹ bá sì gé, ẹ má dà á nù. Òun ni mo fi dí ojú ilẹ̀ tí òkúta àtijọ́ ti sọ di òfìfo.

Òjò ńlá mẹ́ta ti rọ̀ lé e báyìí. Mo ti ti ẹ̀rọ ìgékoríko gba orí gbogbo wọn kọjá, abẹ tuntun náà kò kan ọ̀kankan. Lánàá, màmá mi gbé abọ́ aṣọ tútù, wọ́n rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìwolẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, mo jáde lọ fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí ìkọkànlá. Kò mì.